Pápákọ̀ òfuurufú Ìbàdàn sí ti Àkúrẹ́: ṣé ìṣẹ́jú 41 yìí ṣe é gbára lé?

Àbíkẹ́yìn Òkèṣà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Màmá wa máa pé ẹni 80 ọdún lóṣù Kejìlá, Iléṣà níbí la sì ti fẹ́ bá wọn ṣe é. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì ń bọ̀ láti Àbújá pẹ̀lú ìdílé wọn lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ tó ṣáájú ayẹyẹ. Bọ̀dá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì Àbújá sí Ìbàdàn, Àǹtí mi ra ti Àkúrẹ́. Kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì kó tó sanwó. Èmi tí mo wà nílé ni wọ́n ń wojú pé kí n wá ọkọ̀ tó máa lọ pàdé wọn, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo sì ni owó tó wà nílẹ̀ ká.

Bọ̀dá mi wá ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu. Wọ́n ní bí àwọn bá ti balẹ̀ sí Ìbàdàn, àwọn á wọ bàálù míì lọ sí Àkúrẹ́, kí bọ́ọ̀sì lè kó gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fi ohun tí wọ́n rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí mi: pápákọ̀ Ìbàdàn sí ti Àkúrẹ́, kìlómítà 147, ìṣẹ́jú 41.

Ṣé òótọ́ ni iye yẹn? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, ṣé ohun tó ṣe é ṣe ni Bọ̀dá mi ń sọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn, mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ da ọjọ́ Màmá rú.

Tíṣà Ìsọ́kùn

Àbíkẹ́yìn, mo bá ẹ yọ̀ fún Màmá. Ẹ̀mí wọn á gùn sí i, wọ́n á jẹun ọmọ pẹ́.

Kìlómítà 147 yẹn péye. Ẹnikẹ́ni tó bá ní bírò lè ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe é fáwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní jọ́gíráfì. Pápákọ̀ Ìbàdàn tó wà ní Alákíà wà lórí ìlà ìbú 7.36 ní àríwá, ìlà òòró 3.98 ní ìlà oòrùn. Ti Àkúrẹ́ wà lórí 7.25 àti 5.30. Ìlà ìbú àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, torí náà ẹni tó bá gbéra ní Alákíà, ìlà oòrùn ló kọjú sí, díẹ̀ báyìí ló máa yà sí gúúsù. Ìyàtọ̀ ìlà òòró wọn jẹ́ 1.32. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí, ìwọ̀n kan (dígírì kan) lórí ìlà òòró tó nǹkan bíi kìlómítà 110. Sọ 110 di púpọ̀ lọ́nà 1.32, wàá rí 145. Fi ìwọ̀nba tí ọ̀nà yà sí gúúsù kún un, ó di 147 yẹn náà nìyẹn. Àwọn tó ń wa bàálù kì í lo kìlómítà, máìlì ojú omi ni wọ́n ń lò, ọ̀kan jẹ́ kìlómítà 1.852. Lọ́dọ̀ wọn, 79 ni.

Ìyàtọ̀ 1.32 yìí kan náà ló jẹ́ kí oòrùn máa wọ̀ ní Àkúrẹ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú Ìbàdàn, torí ìṣẹ́jú mẹ́rin ni oòrùn fi ń la ìwọ̀n kan kọjá. Àwọn tó ń gbààwẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa: ará Àkúrẹ́ á ti ṣínu tán, ará Ìbàdàn á ṣì máa retí ìrun.

Ṣùgbọ́n jíjìn nìkan ni mo dáhùn o. Ti ìṣẹ́jú, ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ iṣẹ́ bàálù sọ ọ́.

Awakọ̀ Gbọ̀ngán

Ẹ kúkú jẹ́ ká sọ ojú abẹ níkòó. Kò sí bàálù elérò tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Àkúrẹ́. Ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì sọ ni bó ṣe máa rí bí bàálù bá wà. Kò sọ pé ó wà.

Èkejì, ẹ fojú inú wo ọ̀nà náà. Láti Ìbàdàn: Ìkirè, Gbọ̀ngán, Ifẹ̀, Iléṣà. Lẹ́yìn náà ló kan Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, Òwẹnà, Ìgbárá-Òkè, Àkúrẹ́. Iléṣà ń bẹ láàárín! Ẹni tó bá ti Ìbàdàn fò lọ sí Àkúrẹ́ torí kó lè dé Iléṣà, ó ti fò kọjá ilé bàbá rẹ̀, ó tún wá wọ bọ́ọ̀sì padà. Kí ló dé?

Àbíkẹ́yìn Òkèṣà

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá Tíṣà. Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀, ẹ ṣé o. Mo ti ka èsì yín fún Bọ̀dá mi lórí fóònù. Wọ́n ní bí kò bá sí èyí tó lọ tààrà, àwọn á gba Èkó: Ìbàdàn sí Èkó, Èkó sí Àkúrẹ́. Wọ́n ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀ náà ló máa jẹ́. Orí ìṣẹ́jú 41 yẹn ni wọ́n dúró sí, wọn ò fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ilé-Gogoro

Àbíkẹ́yìn, mo ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì jẹ mí lọ́kàn torí ojoojúmọ́ ni mo máa ń rí èrò tó gbà pé àkókò tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ìrìn àjò.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé bàálù wà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Bàálù ò ní gbéra lójú ẹsẹ̀. Ó máa tan ẹ́ńjìnnì, ó máa rọra yí lọ sí ìpẹ̀kun ọ̀nà tí wọ́n fi ń sáré gbéra, ó máa dúró de ọ̀rọ̀ láti ilé-gogoro, níbi tí wọ́n ti ń darí bàálù. Nígbà tó bá wá gbéra, ibo ló kọjú sí? Níbẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀nà ìgbéra ti Alákíà lọ láti àríwá ìlà oòrùn sí gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ti Àkúrẹ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà. Bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n nìyẹn torí pé ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ wa ń gbà: ní ọ̀pọ̀ oṣù láàárín ọdún, gúúsù ìwọ̀ oòrùn ló ti ń fẹ́ wá látorí òkun, ìgbà ọyẹ́ ló sì máa ń ti àríwá ìlà oòrùn wá. Bàálù gbọ́dọ̀ dojú kọ afẹ́fẹ́ kó tó lè gbéra dáadáa. Torí náà, lákòókò òjò, bàálù tó ń lọ sí Àkúrẹ́ máa kọ́kọ́ sáré kọjú sí ìhà Abẹ́òkúta, ó máa kẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ. Ó dìgbà tó bá lọ sókè tó kó tó yípo padà. Nígbà tó bá dé Àkúrẹ́, ó tún máa kọjá pápákọ̀ lápá òkè, á yípo kó tó lè dojú kọ afẹ́fẹ́ balẹ̀. Gbogbo yíyípo wọ̀nyẹn kò sí nínú kìlómítà 147.

Ó ku ti eré. Òótọ́ ni pé Boeing 737 lè sá ju kìlómítà 800 lọ ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n òkè réré ló ti ń sá a. Ní ìsàlẹ̀ 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, wọ́n máa ń dín eré kù sí bíi 460. Bíbọ̀ wálẹ̀ náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: fún 1,000 ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, awakọ̀ nílò nǹkan bíi máìlì ojú omi mẹ́ta. Bó bá gòkè dé 12,000, ó nílò máìlì 36 láti sọ̀ kalẹ̀. Nínú 79 tí Bàbá Tíṣà ṣírò, ẹ yọ 36 kúrò, ẹ yọ ti gígòkè náà kúrò, kí ló kù? Bíi kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó gbé èrò ní Lágeré ní Ifẹ̀ níbí, tó fẹ́ já a ní Mayfair nítòsí ni, kó tó wọ jíà tó ga, ó ti tó tẹ bíréèkì. Ìdí nìyí tí bàálù kékeré alábẹ̀bẹ̀ bíi ATR 72, tí eré rẹ̀ kò ju bíi kìlómítà 500 lọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ ju bàálù ńlá lọ lórí ìrìn àjò kúkúrú.

Ní ti gbígba Èkó, Ìbàdàn sí Èkó jẹ́ kìlómítà 113, Èkó sí Àkúrẹ́ jẹ́ 231. Àpapọ̀ rẹ̀ 344, ó ju ìlọ́po méjì 147 lọ. Èyí kéré sí ohun tó ń bẹ nílẹ̀. Bí kò bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n fi so bàálù méjèèjì pọ̀, Bọ̀dá rẹ gbọ́dọ̀ gba ẹrù l'Ékòó, kó tún fi orúkọ sílẹ̀ lákọ̀tun, kó tún gba ibi àyẹ̀wò kọjá, kó tún jókòó dúró. Bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, èkejì ò ní dúró dè é. Kí ọjọ́ tó ṣú, Màmá á ti máa béèrè pé ọmọ òun dà.

Ọmọ Awo Campus

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, Bàbá. Mo fẹ́ fi kún ti ìṣẹ́jú 41 yẹn, torí mo ti wo bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ojú òpó tó ń sọ iye wọ̀nyí ṣe ń ṣe é. Wọn kì í wo ìwé ìrìnnà bàálù kankan. Wọ́n á pín jíjìn sí 805, ìyẹn kìlómítà tí bàálù ń sá ní wákàtí kan, wọ́n á wá fi 30 ìṣẹ́jú lé e fún gbígbéra àti bíbalẹ̀. 147 pín sí 805 fún wa ní ìṣẹ́jú 11. Fi 30 kún un: 41. Ibi tó ti wá nìyẹn.

Ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé tíkẹ́ẹ̀tì Àbújá sí Ìbàdàn àti ti Àbújá sí Àkúrẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àkókò kan náà, bẹ́ẹ̀ Ìbàdàn jìnnà sí Àbújá dáadáa. Kí ló fà á?

Tíṣà Ìsọ́kùn

O ti ní ìdáhùn lọ́wọ́, ọmọ mi. Lo ìṣirò tìrẹ yẹn. Àbújá sí Àkúrẹ́ jẹ́ kìlómítà 291, Àbújá sí Ìbàdàn jẹ́ 405. Àkọ́kọ́ máa fún ẹ ní ìṣẹ́jú 52, èkejì 60. Kìlómítà 114 ló wà láàárín wọn, ìṣẹ́jú 8 péré ló sì mú wá. Èyí tó ń jẹ àkókò, bí Bàbá Ilé-Gogoro ṣe sọ, ni ohun tí kì í dín kù bí ọ̀nà bá kúrú: yíyí lórí ilẹ̀, gígòkè, sísọ̀ kalẹ̀. Èkó sí Àbújá náà, kìlómítà 511, wákàtí kan àti díẹ̀ ni. Ìdajì ọ̀nà kì í ṣe ìdajì àkókò.

Ohun tí mo fẹ́ kí Àbíkẹ́yìn fi sọ́kàn nìyẹn. Kó má ṣe torí kìlómítà òfuurufú yan pápákọ̀. Kó wo ti ilẹ̀.

Ìyá Ìbejì Mọdákẹ́kẹ́

Mo ti gbé àwọn ọmọ mi wọ bàálù rí nígbà tí wọ́n kéré, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ojú tí ìyá fi ń wò ó. Ẹ ní ìṣẹ́jú 52, ẹ ní 60. Ṣùgbọ́n aago mélòó ni wọ́n máa jí? Wọ́n ní kí èèyàn ti wà ní pápákọ̀ ní wákàtí méjì ṣáájú. Láti àdúgbò míì ní Àbújá, kí wọ́n tó dé pápákọ̀ níbẹ̀, wákàtí kan lè lọ sí i. Ọmọdé máa fẹ́ jẹun, ó máa fẹ́ tọ̀. Kí wọ́n tó gbéra rárá, agbára ti tán. Ẹni tó ní kí wọ́n tún lọ jókòó l'Ékòó de bàálù míì pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́, kò tíì gbé ọmọ rìnrìn àjò rí.

Oṣù Kejìlá lẹ tún sọ. Ọyẹ́! Bí eruku ọyẹ́ bá bo ojú sánmà mọ́lẹ̀ láàárọ̀, tí awakọ̀ ò rí ọ̀nà tó máa balẹ̀ sí, bàálù ò ní gbéra. Bó bá ti gbéra, ó lè yà lọ síbòmíì lọ balẹ̀. Àbíkẹ́yìn, aago mélòó ni bàálù àwọn ẹ̀gbọ́n yín?

Àbíkẹ́yìn Òkèṣà

Ẹ ṣé, Ìyá Ìbejì. Ti Àǹtí mi, aago 10 àárọ̀ ni wọ́n kúrò ní Àbújá. Ti Bọ̀dá mi, aago 3 ọ̀sán.

Ilé-Gogoro

Ti aago 3 yẹn ni kí ẹ kíyè sí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn pápákọ̀ wa kéékèèké ni kì í ṣiṣẹ́ di òru. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n ti tì í. Bàálù aago 3 tó bá fi wákàtí méjì pẹ́, kò sí àyè mọ́ fún ìdádúró míì. Wọ́n lè ní ó di ọ̀la, tàbí kí wọ́n gbé èrò lọ sí Èkó tí iná wà lójú ọ̀nà rẹ̀ lóru. Bó bá ṣe é yí padà, kí Bọ̀dá rẹ wá bàálù àárọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àárọ̀ kùtùkùtù o, nítorí ọyẹ́ tí Ìyá Ìbejì sọ: bí oòrùn bá ti ràn díẹ̀, ojú sánmà sábà máa ń là.

Ọmọ Ọbòkun

Gbogbo yín ń sọ ọ̀rọ̀ tó dáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi gẹ́gẹ́ bí Ìjẹ̀ṣà. Àkúrẹ́ ni pápákọ̀ wa. Láti Iléṣà, bí ẹyẹ ṣe ń fò, kìlómítà 74 péré ló wà sí pápákọ̀ Àkúrẹ́, ti Ìbàdàn jẹ́ 89. Kí Bọ̀dá yí tíkẹ́ẹ̀tì padà sí Àkúrẹ́, kí bọ́ọ̀sì kan lọ kó gbogbo wọn, ó parí.

Awakọ̀ Gbọ̀ngán

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ọbòkun, ẹ ò parọ́, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì kì í fò. Pápákọ̀ Àkúrẹ́ kò sí ní ìhà ọ̀dọ̀ wa o. Ọ̀nà Ọ̀wọ̀ ló wà, lẹ́yìn ìlú. Ẹni tó bá ti Iléṣà lọ máa la Àkúrẹ́ já kó tó débẹ̀, bó bá sì bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ tí gbogbo ayé ń lọ òde, ẹ mọ bí ìlú ṣe máa ń rí. Alákíà yàtọ̀. Ìhà Ifẹ̀ ló wà ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá ti ọ̀nà Ifẹ̀ bọ̀ kò ní láti wọ àárín ìlú kó tó rí pápákọ̀. Bó ṣe ń kúrò níbẹ̀ náà ló ń bọ́ sí ọ̀nà ilé. Torí náà, ìyàtọ̀ tí ẹ rí lórí máàpù yẹn máa ń dín kù lójú títì. Fún èrò Iléṣà, Àkúrẹ́ ṣì fi díẹ̀ yá. Fún èrò Ifẹ̀, Ìbàdàn ni, kò sí àníàní.

Lágeré Loni

Kí ló dé tí a fi ń ṣírò Ìbàdàn, tí a ń ṣírò Àkúrẹ́, bí ẹni tí kò ní ilé? Ìdó-Ọ̀ṣun ń bẹ! Láti ayé òyìnbó amúnisìn ni pápá ìbalẹ̀ kan ti wà níbẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pápákọ̀ ńlá síbẹ̀, wọ́n fi orúkọ olóògbé M.K.O. Abíọ́lá sọ ọ́. Láti Iléṣà síbẹ̀ kò tó kìlómítà 50. Ó dùn mí gan-an. Kì í ṣe torí afẹ́. Ẹ ronú nípa ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí ilé ìwòsàn níbòmíì, tàbí ọmọ tó ti ìlú òyìnbó bọ̀ wá sìnkú òbí rẹ̀, tó balẹ̀ l'Ékòó tó ku bó ṣe máa délé.

Ọmọ Ọbòkun

Àmín sí ọjọ́ tó máa parí. Ṣùgbọ́n bó bá parí lọ́la gan-an, ó ku kí ilé-iṣẹ́ bàálù rí èrò tó tó kún un lójoojúmọ́. Pápákọ̀ nìkan kì í mú bàálù wá. Ìdí tí kò fi sí Ìbàdàn sí Àkúrẹ́ náà nìyẹn: kìlómítà 147, ta ló máa sanwó bàálù sí i nígbà tí ọkọ̀ ilẹ̀ máa gbé e délẹ̀ lọ́jọ́ kan náà? Epo tí bàálù ń jó láti gòkè pọ̀ ju èyí tó ń jó bó bá ti ń lọ geere lókè. Ọ̀nà kúkúrú, gígòkè ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ọmọ Awo Campus

Ìbéèrè kékeré kan, Bàbá Tíṣà. Bí bàálù bá ti Ìbàdàn lọ tààrà sí Àkúrẹ́, ṣé ó máa kọjá lórí Ifẹ̀ àti Iléṣà?

Tíṣà Ìsọ́kùn

Rárá o. Ìlú wa méjèèjì wà ní àríwá ọ̀nà rẹ̀. Ifẹ̀ máa wà ní nǹkan bíi kìlómítà 19 sí i lápá òsì, Iléṣà ní bíi 36. Igbó kòkó ìhà gúúsù Ifẹ̀ ni yóò gbà kọjá. Títì tí a ń rìn tẹ̀ sókè wá bá Iléṣà kó tó tún sọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, ìdí nìyẹn tí ti ilẹ̀ fi tó nǹkan bíi 190, tí ti òfuurufú sì jẹ́ 147.

Àbíkẹ́yìn Òkèṣà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Bọ̀dá mi láti òkè dé ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ pé àwọn á fò kọjá ilé kí wọ́n tó padà ló mú wọn dákẹ́. Wọ́n pe ilé-iṣẹ́ bàálù, owó tí wọ́n ní kí wọ́n fi lé e kí wọ́n tó yí i sí Àkúrẹ́ pọ̀ ju owó mọ́tò lọ. Torí náà, Ìbàdàn náà ni wọ́n máa bá bọ̀, àmọ́ wọ́n ti rí àyè nínú ti aago 11 àárọ̀ dípò aago 3, owó ìyẹn ò pọ̀.

Bọ́ọ̀sì máa lọ sí Àkúrẹ́ lọ gbé Àǹtí mi, torí àwọn ló ní ọmọ wẹ́wẹ́ àti ẹrù aṣọ ẹbí. Ti Bọ̀dá mi, ẹni mẹ́ta ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀, ṣé ẹ lè bá mi rí káà kan tó máa gbé wọn láti Alákíà? Aago mélòó ni kí bọ́ọ̀sì ti Àkúrẹ́ sì kúrò nílé?

Awakọ̀ Gbọ̀ngán

Èmi fúnra mi á lọ gbé Bọ̀dá, Gbọ̀ngán sí Alákíà kò jìnnà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè mí bí wọ́n bá ti ń jókòó nínú bàálù ní Àbújá, kí wọ́n tó pa fóònù. Ìgbà yẹn ni màá gbéra. Mi ò ní tẹ̀ lé aago tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì.

Ti Àkúrẹ́, kí bọ́ọ̀sì kúrò ní Iléṣà ní aago 8. Kí dẹ́rẹ́bà rọra wa ọkọ̀, kó fi àyè sílẹ̀ fún ìlú Àkúrẹ́. Bó bá tètè débẹ̀, kó sinmi. Kí Àǹtí náà pè é lórí fóònù bí wọ́n bá pe èrò wọlé, torí bí ọyẹ́ bá dá wọn dúró ní Àbújá, kò sídìí tí dẹ́rẹ́bà fi ní láti máa sáré lójú títì.

Ìyá Ìbejì Mọdákẹ́kẹ́

Kí wọ́n fi omi àti bisikíìtì sínú bọ́ọ̀sì fáwọn ọmọ o. Ẹ bá mi kí Màmá.